Wọ́n Mú Ìyá Dípò Ọmọ: Àkọsílẹ̀ Ẹjọ́ Kan Láti Ẹ̀pẹ́

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n mú ìyá náà nídìí ìsọ̀ rẹ̀ ní Ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Ẹja ló ń tà, àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún, tútù àti yíyan, ó sì ti pẹ́ gan-an lẹ́nu òwò náà. Àwọn ọlọ́pàá méjì tó wá kò ní ohunkóhun í bi í nípa ara rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ọmọkùnrin yìí gba owó lọ́wọ́ ọkùnrin kan pé òun á bá a ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Kò ra ẹ́ńjìnnì, kò dá owó padà, fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Nígbà tí wọn ò rí i, wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ máa bọ̀. “Bí ọmọ yín bá ti gbọ́ pé ẹ wà lọ́dọ̀ wa, á jáde wá,” ni ọ̀kan nínú wọn wí, gbogbo àwọn tó wà nítòsí ló sì gbọ́ ọ.

Èmi ni lọ́yà tí wọ́n pè sí ọ̀rọ̀ náà. Mi ò ní dárúkọ ìyá yìí, mi ò sì ní sọ àgọ́ ọlọ́pàá tó jẹ́. Ohun tó mú mi kọ ọ́ sílẹ̀ ni ìbéèrè kan tó dìde nínú rẹ̀, èyí tó yẹ kí gbogbo lọ́yà tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe aráàlú lóore rò kó tó kan án: bí ohun tí oníbàárà ẹni ń fẹ́ bá yàtọ̀ sí ohun tó máa ṣe gbogbo ìlú láǹfààní, ta ni lọ́yà ń ṣiṣẹ́ fún?

Ọmọbìnrin ìyá náà ló wá kan ilẹ̀kùn mi ní òwúrọ̀ Sátidé. Láti Ọjọ́bọ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ń sùn lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn kánńtà. Wọn ò tì í mọ́ sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ní nítorí ọjọ́ orí rẹ̀ ni. Wọ́n ti béèrè 80,000 náírà fún béèlì, nínú àgọ́ tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri rẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Obìnrin kan tí ìsọ̀ wọn jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ ṣe onídùúró fún un ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ní kó lọ mú ọkùnrin wá. Àwọn obìnrin wa ti gba èyí lófin nítorí pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ fún wọn. Irọ́ ni. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 sọ ọ́ gbangba pé a ò gbọdọ̀ kọ onídùúró nítorí pé obìnrin ni.

Mo dé àgọ́ náà kí oòrùn tó mú. Ọlọ́pàá tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ náà gbà mí tẹ̀rín tọ̀yàyà, kò sì fi ohunkóhun pa mọ́. “Lọ́yà, ẹ má bínú,” ló wí, “ìyá yìí ò ṣẹ̀ wá o. Ẹ ṣáà bá wa sọ fún ọmọ yẹn kó jáde, ẹ ó sì mú màmá lọ sílé.” Ojú rẹ̀ ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú ìwé mi. Kò bá a nínú jẹ́, nítorí kò mọ̀ pé ohun tí òun sọ yẹn ni gbogbo ẹjọ́ náà.

Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, abala 36, sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni dípò ẹni tí à ń fura sí. Abala 32 òfin kan náà sọ pé a kò gbọdọ̀ torí gbèsè tàbí àdéhùn tí kò ṣẹ nìkan mú ènìyàn, nítorí náà ká tiẹ̀ ní ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n mú, tí kò bá sí ju pé ó gba owó tí kò san án padà, kò yẹ kó jẹ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ti àkókò wá ńkọ́? Abala 35 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n bá mú dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n tì í mọ́. Nínú ìlú Ẹ̀pẹ́ ni kóòtù Májísíréètì wà, ibẹ̀ náà ni Ilé Ẹjọ́ Gíga wà. Ọ̀kadà á gbé ọ láti ìkan dé ìkejì kí o tó sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù.

DPO, ọ̀gá àgọ́ náà, dé ní ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin tó mọ òfin ni, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ka abala 36 sí i létí, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ìyá máa lọ. A ò san kọ́bọ̀. Fóònù rẹ̀ nìkan ni wọ́n ní àwọn ò tíì lè fi sílẹ̀. Nígbà tí a dé ọjà, ẹja tútù tó fi sílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ti bàjẹ́ pátápátá. Yìnyín ti yọ́ tán nínú kúlà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé kò ní padà wá lọ́jọ́ yẹn.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ lọ́yà máa ń dúró sí. Oníbàárà ti jáde, ẹbí ti dúpẹ́, ẹlòmíràn tún ń dúró ní ọ́fíìsì. Mi ò dá wọn lẹ́bi, nítorí iṣẹ́ ńlá ni kí ènìyàn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde ní àgọ́ ọlọ́pàá láìsan owó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ sí ọjà ní ọjọ́ Ajé láti wo ohun tó bàjẹ́, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ní wọ́n ti mú òun rí nítorí gbèsè ọkọ òun, ọmọ ọwọ́ sì wà lẹ́yìn òun. Òmíràn ní nítorí àbúrò òun ni, pé owó tí òun fẹ́ fi kó ẹja ni òun fi gba ara òun sílẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò tó pa á lọ́nà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní ìwé kankan lọ́wọ́. Wọ́n sanwó, wọ́n lọ sílé, ó tán. Adájọ́ kankan kò gbọ́ nípa wọn rí.

Mo jókòó ti ìyá náà, mo ṣàlàyé fún un pé Ìwé Òfin fún un ní ẹ̀tọ́ méjì tó tọ́ sí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá mú láìtọ́: owó gbà-máà-bínú, àti kí àwọn tó mú un tọrọ àforíjì ní gbangba. Àforíjì yẹn ló wọ̀ ọ́ lára jù. “Kí wọ́n wá sọ ọ́ ní ọjà yìí?” ló bi mí. Mo ní a lè bẹ kóòtù bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n máa bá a lọ. A pe ẹjọ́ náà ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ẹ̀pẹ́ lábẹ́ Ìlànà Ìgbèjà Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti 2009. Ìlànà yìí sọ pé kí wọ́n fi ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ sí àárín ọjọ́ méje tí a bá ti pe ẹjọ́ náà, kò sì sí pé ó ti pẹ́ jù láti pè é. Mi ò gba owó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kò ní ìnáwó: owó ìforúkọsílẹ̀ wà, owó ìbúra wà, owó ẹ̀dà ìwé wà, owó mọ́tò ẹni tó máa gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ fún ọlọ́pàá wà. Ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́ja ló dáwó ìyẹn jọ.

Kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé ni àwọn àgbà ti dá sí i. Lọ́yà àwọn ọlọ́pàá pè mí: wọ́n á dá fóònù padà, wọ́n á san owó ẹja tó bàjẹ́, ọ̀gá àgọ́ náà á sì bẹ ìyá náà níwájú Ìyálọ́jà, bí a bá lè fa ẹjọ́ yìí yọ. Ìyálọ́jà fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Obìnrin tó ní ọ̀wọ̀ lára ni, ó sì sọ̀rọ̀ bí ìyá. “Ọmọ mi, ohun tí o ṣe dára, Ọlọ́run á bùkún ẹ. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọlọ́pàá yìí náà la máa ké sí bí olè bá wọ ọjà lóru.”

Mo lọ bi oníbàárà mi. Ó ti ronú sí i kí n tó dé. “Lọ́yà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n iwájú àgọ́ yẹn ni mò ń gbà kọjá láràárọ̀ tí mo bá ń lọ kó ẹja. Ọmọ mi ṣì wà níta níbi tó wà. Bí wọ́n bá bẹ̀ mí, tí wọ́n san owó ẹja mi, ẹ jẹ́ kí n gbà á.”

Mo jẹ́wọ́ pé ó dùn mí. Mo ní ẹ̀rí, mo ní ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá náà nínú ìwé mi, mo ní òfin tó ṣe kedere, mo sì ní ọjà odindi tó fẹ́ kí ẹnìkan sọ̀rọ̀ yìí síta lójú adájọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n yí i lọ́kàn padà. Wọ́n mẹ́nu ba Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Sierra Leone ní 1855, tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó di lọ́yà, tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní kóòtù Èkó ní 1888. Òun ló sọ ọ̀rọ̀ tí àwa lọ́yà Nàìjíríà fẹ́ràn jù, pé nítorí àtitọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ́nà àti nítorí ìlọsíwájú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni lọ́yà ṣe wà láyé. Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ti sọ pé kí á gun orí ẹ̀yìn ìyá kan débẹ̀. Ìyá yìí ló máa kojú àwọn ọlọ́pàá yẹn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìdájọ́, mi ò ní sí níbẹ̀. Òun ni ẹ̀rù ń bà. Òun ló ni ẹjọ́. Lọ́yà tó bá fi oníbàárà rẹ̀ ṣe ohun èlò láti fi ra orúkọ rere fún ara rẹ̀, ohun tí ọlọ́pàá yẹn ṣe sí ìyá náà ni òun náà ń ṣe: ó di ẹnìkan mú nítorí ohun tó ń wá lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Nítorí náà a gba àdéhùn. Síbẹ̀, inú àdéhùn pàápàá, iṣẹ́ wà fún lọ́yà. Nínú ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ wá, ìlà kan wà pé ìyá náà kò ní sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́, òmíràn sì wà pé èmi kò ní gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lòdì sí àgọ́ náà mọ́. Mo ka méjèèjì sí ìyá náà létí ní Yorùbá. Ó ní, “Kí n má sọ ọ́? Níṣojú ọjà ni wọ́n kúkú ti mú mi.” Mo fagi lé ìlà méjèèjì, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀. Mo rọ gbogbo lọ́yà tó bá ń parí irú ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n máa wo ibẹ̀ yẹn dáadáa. Owó oníbàárà tirẹ̀ ni, ó lè gbà á. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi owó yẹn ra ìdákẹ́jẹ́ẹ́, àwọn tí wọ́n máa mú lọ́la ni wọ́n ń ra tiwọn.

Ọ̀gá àgọ́ náà wá. Ó bẹ ìyá náà níwájú Ìyálọ́jà, ó sì bẹ̀ ẹ́ dáadáa, kò fi ṣe ẹ̀tàn. Ẹjọ́ ti ìyá náà parí síbẹ̀.

Àwọn obìnrin yòókù wá ńkọ́? Ìlànà 2009 tí mo mẹ́nu bà yẹn ló tú wa sílẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó ní kí kóòtù máa gba ẹjọ́ tí a bá pè nítorí àǹfààní gbogbo ènìyàn tọwọ́tẹsẹ̀, pé ẹni tí a kò tẹ ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lójú lè pè é fún ẹlòmíràn, pé ẹgbẹ́ lè pè é fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, àti pé kóòtù kò gbọdọ̀ da ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn nù nítorí pé kò kan ẹni tó pè é. Nítorí náà a lè fi ìyá náà sílẹ̀ nílé rẹ̀, kí ẹgbẹ́ wá dúró. Mo bi ìyá náà bóyá ó fọwọ́ sí i. Ó ní bí orúkọ òun kò bá ti sí níbẹ̀, kí á máa lọ. Ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́ja pe ẹjọ́ tuntun ní orúkọ ara wọn. Obìnrin tí wọ́n mú nítorí ọkọ rẹ̀ àti èyí tí wọ́n mú nítorí àbúrò rẹ̀ ló búra sí ìwé ẹ̀rí, lẹ́yìn tí mo ti sọ gbogbo ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ fún wọn. A kò béèrè owó. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí kóòtù kéde pé kò bófin mu láti mú ẹbí dípò ẹni tí wọ́n ń wá, kí wọ́n lẹ ìkéde náà mọ́ kánńtà àgọ́ náà ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì máa fún ẹgbẹ́ wa ní orúkọ àwọn obìnrin ọjà tó bá wà látìmọ́lé lóṣooṣù.

Ọjọ́ méje inú ìlànà di oṣù. Ní ìgbà àkọ́kọ́, lọ́yà àwọn ọlọ́pàá kò wá. Lẹ́yìn náà kóòtù lọ ìsinmi ọdọọdún. Nígbà tí lọ́yà náà sì wá dé, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé ẹgbẹ́ kì í ṣe ènìyàn, ẹnikẹ́ni kò mú ẹgbẹ́ rí, kí ló kàn án?

Ó yẹ kí ẹni tí kì í ṣe lọ́yà mọ ibi tí ìbéèrè yẹn ti wá, nítorí pé òun ló ti ilẹ̀kùn kóòtù mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1981, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ fún Abraham Adesanya, sẹ́nétọ̀ nígbà náà, pé kò ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ tó pè lórí ẹni tí ààrẹ yàn ṣe alága àjọ elétò ìdìbò, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun gan-an lára. Ẹ wò ó: sẹ́nétọ̀ ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún, ká má tíì sọ ẹlẹ́ja. Ní 1986 ni bọ́ǹbù inú lẹ́tà pa Dele Giwa, akọ̀ròyìn. Gani Fawehinmi, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ àti lọ́yà rẹ̀, ní òun fẹ́ pe àwọn tí òun fura sí lẹ́jọ́, ó sì ní kí olùdarí ìpẹ̀jọ́ ọ̀daràn ní Èkó pinnu bóyá òun á pè wọ́n tàbí òun kò ní pè wọ́n. Wọ́n ní kí ló kàn án. Gani gbé e dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, àwọn adájọ́ sì dá a láre ní 1987, pé ọ̀rọ̀ ìwà ọ̀daràn kan gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè, pé olúkúlùkù ni olùṣọ́ arákùnrin rẹ̀. Ìlànà 2009, tí Adájọ́ Àgbà Idris Kutigi fọwọ́ sí, gba ọ̀nà yẹn. Ní 2018, ilé ẹjọ́ kan náà tún ṣí ilẹ̀kùn sí i fún ẹgbẹ́ kan tó pe NNPC, ilé iṣẹ́ epo ìjọba, lẹ́jọ́ lórí epo tó dà sínú omi àwọn ará ìlú. Gani kú ní September 2009, ìlànà náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní December ọdún yẹn. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbàkigbà tí mo bá ń ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú yẹn sí adájọ́ létí.

Adájọ́ gbà pé ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́ja lè pe ẹjọ́ náà. Ó kéde pé mímú ẹbí dípò ẹni tí wọ́n ń wá lòdì sí Ìwé Òfin àti Òfin Ọlọ́pàá, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n lẹ ìkéde náà síbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé á ti rí i. Ṣùgbọ́n ó kọ èyí tó kẹ́yìn. Ó ní kóòtù kò lè máa bá ọlọ́pàá ka ìwé àtìmọ́lé lóṣooṣù nítorí ẹgbẹ́ kan. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní kí á pe ẹjọ́ kò-tẹ́-wa-lọ́rùn. Mi ò gbà wọ́n nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀nà mìíràn wà nínú òfin tí kò gba ọdún gbọọrọ: Òfin Ọlọ́pàá 2020 ti ní kí àgọ́ ọlọ́pàá máa fi orúkọ àwọn tí wọ́n mú láìsí ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí májísíréètì tó súnmọ́ wọn lóṣooṣù, kí májísíréètì àgbà sì máa bẹ àwọn àgọ́ wò lóṣooṣù. Ohun tí a fẹ́ gbà lọ́wọ́ adájọ́ ti wà nílẹ̀, ẹni tó máa béèrè pé kí wọ́n ṣe é ni kò sí.

Ọkùnrin tó ni owó ẹ́ńjìnnì náà, òun náà jẹ́ ará ìlú. Owó rẹ̀ lọ lóòótọ́, àgọ́ ọlọ́pàá sì nìkan ni ibi tó mọ̀. Nígbà tí ọmọ náà wá sílé, mo ní kí àwọn méjèèjì lọ sí Citizens’ Mediation Centre, ilé ìlàjà tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 1999, tí kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ẹnu kò níbẹ̀ pé kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Ká ní kò gbà, kóòtù ẹ̀sùn kéékèèké tí Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 2018 wà fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Bí lọ́yà kankan bá ti sọ èyí fún ọkùnrin náà ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ ń bínú kiri, wọn kì bá tí mú ìyá ẹnikẹ́ni.

Ìkéde náà wà lára ògiri àgọ́ yẹn di ìsinsìnyí. Wọ́n ṣì gbìyànjú láti mú ìyàwó ẹnìkan lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́ja pè wá lójú ẹsẹ̀, kò sì sùn síbẹ̀. Àwa lọ́yà bíi mélòó kan ní Ẹ̀pẹ́ ti pín òpin ọ̀sẹ̀ láàárín ara wa, nítorí pé ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń mú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ jù, nígbà tí kóòtù bá ti tì. Ẹni tí ìpín rẹ̀ bá kàn kò gbọdọ̀ pa fóònù. Ẹni tí agbára wa kò bá gbé, à ń darí rẹ̀ sí Office of the Public Defender, tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2000, ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ tiwọn náà. Ìdájọ́ tí a gbà dá lórí àgọ́ kan ṣoṣo, àgọ́ mìíràn sì wà káàkiri láti Ìtòkín títí dé Agbówà. A ti kọ lẹ́tà sí májísíréètì àgbà nípa ìbẹ̀wò oṣooṣù náà, a so ẹ̀dà ìdájọ́ mọ́ ọn, ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́ja sì ti yan obìnrin méjì tí yóò máa lọ béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé.